Agolo Mílíìkì àti Igbá Wàrà

Ìyá Fúlàní tó máa ń ta wàrà fún ìyá mi ní Ìséyìn kò ní òṣùwọ̀n méjì. Agolo mílíìkì Peak kékeré kan tó ti ṣófo ni. Ó ti fi òkúta lu etí rẹ̀ wọlé kó má baà ya òun lọ́wọ́, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ igbá. Bí oníbàárà bá fẹ́ wàrà olómi, á ri agolo náà bọ inú igbá, á gbé e sókè, á dúró kí èyí tó ń ro sílẹ̀ ro tán, kó tó wá dà á sínú abọ́. Ìyá mi á ní, "Èènì ńkọ́, Ìyá Oníwàrà?" Òun náà á ní kò séènì lónìí, màlúù kò jẹun yó. Síbẹ̀, á tún ri agolo bọ̀ ọ́, á bu ìdajì sí i.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìtàn agolo yẹn. Nígbà náà mo ti di òṣìṣẹ́ àgíríkì, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa gun alùpùpù kiri Òkè-Ògùn, láti Ìséyìn dé Ṣakí, dé Ìgbòho, kí n máa fi ajílẹ̀ àti irúgbìn tuntun han àgbẹ̀. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé olówó ńlá kan ló jókòó sókè òkun tó ń dì mílíìkì ránṣẹ́ sí wa. Irọ́ ni. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ní 1886, ní abúlé Warga ní Friesland, àríwá ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn fún màlúù kó wàrà wọn pọ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ wàrà alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ará Denmark ti ṣe irú rẹ̀ ní Hjedding ní ọdún mẹ́rin ṣáájú wọn. Nígbà tó di 1913, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Friesland dára pọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí ìlú Leeuwarden, níbi tí wọ́n ti ń se wàrà títí yóò fi ki, tí wọ́n ń dì í sínú agolo kó lè la òkun já láìbàjẹ́. Ibẹ̀ ni Peak ti jáde. Ó dé Nàìjíríà ní 1954.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ará ló so wọ́n pọ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wàrà ogún ilé bá dà pọ̀ sínú àgbá kan, ta ni yóò mọ ẹni tó bu omi kànga sí tirẹ̀? Ní 1890, Stephen Babcock, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìgò kan tó lọ́rùn gígùn. Wọ́n á da wàrà sínú rẹ̀, wọ́n á da ásíìdì lé e, wọ́n á yí i bírí bírí, ọ̀rá inú wàrà náà á sì léfòó wá sí ọrùn ìgò, níbi tí ojú ti lè ka iye rẹ̀. Babcock kò sọ ọ́ di ohun àdáni. Ẹni tó bá wù ú kó ṣe irú rẹ̀. Bó ṣe di pé ọ̀rá ni wọ́n ń sanwó lé nìyẹn, tí omi kànga sì di wàhálà lásán fún ẹni tó bù ú. Yunifásítì ibẹ̀ kan náà ti ní ẹ̀kọ́ kúkúrú kan fún ọmọ àgbẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ tí kò sí iṣẹ́ lóko. Ẹ fi èyí sọ́kàn. N óò padà sí i.

Àwa Yorùbá kì í fún màlúù. Ẹranlá kékeré tí àwọn baba wa ń sìn, wàrà ọmú rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò mu lọ, eṣinṣin tsetse ò sì jẹ́ kí màlúù ńlá gbé inú igbó wa. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, àwọn Fúlàní sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, gba ilẹ̀ wa lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó bá wọn nílẹ̀. Ọjà wọn wọ èdè wa débi pé orúkọ kan náà là ń pe méjèèjì: wàrà ni èyí tó ń ṣàn, wàrà náà ni èyí tó dì tí à ń dín lépo. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì dé ibi tí Dáfídì ti ń gbé oúnjẹ lọ sójú ogun, wọn ò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Wàràkàṣì ni wọ́n kọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wàgáṣì ni ọ̀pọ̀ ń pè é, wọ́n sì máa ń fi èèpo ọkà bàbà pa á láró títí yóò fi pọ́n.

Mo ti jókòó ti ààrò Ìyá Oníwàrà kan ní gáà Fúlàní kan lẹ́yìn Ìséyìn, láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Àwọn ọmọkùnrin ti fún màlúù tán. Ìkòkò rẹ̀ dúdú, iná rẹ̀ kò pọ̀. Ó já ewé bọmubọmu díẹ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, ó gún un nínú odó kékeré, ó bu wàrà sí i, ó sẹ́ ẹ. Oje ewé yẹn funfun bíi wàrà fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kó kan ojú èèyàn rárá. Kò dà á sí ìkòkò nígbà tó tutù, kò sì dúró kó hó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. "Ó kù díẹ̀." Nígbà tó tó àkókò, ó dà á, ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó sì fi igi ìrokà lélẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi rò ó sí i. Ó ní bí òun bá rò ó jù, á fọ́ wẹ́wẹ́, agbọ̀n ò sì ní mú un. Ìgbà tó hó tán, èyí tó funfun ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi tó rí bí omi ewé. Ó bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké, omi ń ro tó, tó, tó sínú abọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ojú ọnà agbọ̀n á ti wà lára rẹ̀ bí ilà ojú.

Kò sí tẹmómítà níbẹ̀. Iye ewé tó tó fún wàrà ìgbà òjò, tó ṣàn díẹ̀, àti iye tó tó fún ti ẹ̀ẹ̀rùn, tó ki, orí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Gbèsè oníbàárà mọ́kànlá wà lórí yẹn kan náà, títí kan ìyàwó tíṣà tó ń jẹ ẹ́ lówó láti oṣù tó kọjá. Lítà márùn-ún wàrà ló ń di nǹkan bíi kílò kan wàrà dídì, ó sì mọ èyí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agolo àti agbọ̀n ló fi ń kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni n ò sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ. Ó wà. Igbá rẹ̀ kì í gbẹ dáadáa kó tó tún bu wàrà sí i. Wọn ò fi omi fọ ọmú màlúù kí wọ́n tó fún un. Wàrà tó ti hó lórí iná kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí à ń rà ní tútù, tí à ń po mọ́ fùrá, ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù lè ti ibẹ̀ wọ ara èèyàn. Tí òjò bá sì wà, tí koríko tutù, wàrà á pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tí yóò rà á tán, ajá ni yóò mu ìyókù.

Ìjọba òyìnbó kò gbàgbé màlúù o. Ní 1924 wọ́n dá ilé ìwádìí àìsàn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lórí òkè Jos. Ní 1928 ọgbà ẹran Shika bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Zaria. Ní ilẹ̀ tiwa, Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́ ni wọ́n sin màlúù N'Dama sí, màlúù kúkúrú kan láti ìhà Guinea tí àìsàn eṣinṣin tsetse kì í tètè mú balẹ̀. Ní 1964, Shika bẹ̀rẹ̀ sí í fi akọ Friesian gun abo Bunaji, màlúù funfun tí ẹ ń rí lójú títì. Ẹ tún gbọ́ orúkọ yẹn: Friesian. Friesland kan náà tó ni agolo. Ìṣirò tó wà lọ́kàn àwọn ọ̀gá kò le. Bunaji kan, bó bá ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, lítà kan sí méjì ló ń fún èèyàn lójúmọ́. Friesian nílé rẹ̀ lè fún ogún lítà, kó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa po ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀, wàrà á sì pọ̀.

Ó dára. Ṣùgbọ́n láti Vom dé Fáṣọlá, màlúù ni wọ́n ń kọ́ni jù. Ìwọ̀nba ẹni díẹ̀ ló kọ́ni ní wàrà. Ọkùnrin ló ni màlúù, ọkùnrin ni wọ́n sì ń pè jókòó. Nínú àṣà Fúlàní, bí wàrà bá ti kúrò lọ́mú màlúù tó bọ́ sínú igbá, ó ti di ti obìnrin. Òun ni yóò pín in: ti ọmọdé, ti ọkọ, ti àlejò, ti ọjà. Owó iyọ̀, owó aṣọ, owó igbá ọlọ́nà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò kó lọ sílé ọkọ, inú rẹ̀ ni. Kí obìnrin tó ti ní àpò tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ta ní ẹnu ọ̀nà wa, ká sì máa kọ ìwé ńlá nípa ìdàgbàsókè wàrà láìdárúkọ rẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Èmi náà wà nínú ẹ̀bi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà lórí alùpùpù kí n tó yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní 1973 wọ́n dá ilé iṣẹ́ mílíìkì tó ń ṣe Peak sílẹ̀ níbí, ní Ikẹja. Ìlú wa ni wọ́n ti ń dì í, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun mílíìkì láti òkè òkun ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń dì. Ó tó ọdún 2010 kí FrieslandCampina WAMCO, orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní Ọ̀yọ́, Fáṣọlá àti agbègbè Ìséyìn sì wà lára ibi tí wọ́n fi ẹsẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀, CBN, dá sí i. Ní Oṣù Keje 2019 gómìnà rẹ̀ sọ pé owó mílíìkì tí à ń kó wọlé ń lọ sí bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ dọ́là lọ́dún. Ní Oṣù Kejì 2020, CBN ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré, àwọn tó ti ń gbìyànjú nípa wàrà ilẹ̀ wa, ni yóò máa rí dọ́là gbà láti fi kó mílíìkì wọlé. Òjijì ni gbogbo wọn wá ń wá ọ̀nà gáà.

Ohun tí àwọn ètò wọ̀nyí mú wá, ojú lè rí i: kànga ẹlẹ́rọ, korobá irin tó ṣeé fọ̀ dénú, ibùdó ìkówàrà tó ní àgbá tó ń mú wàrà tutù, irúgbìn koríko tó ń pẹ́ kó tó gbẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, irúgbìn akọ màlúù tí wọ́n dì sínú ọ̀pá tínrín. Àkókò ni ọ̀tá wàrà. Ní ooru ilẹ̀ wa, kòkòrò inú rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Wákàtí méjì lẹ́yìn fífún, ó yẹ kó ti wà nínú òtútù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìséyìn sí àwọn gáà kan nígbà òjò mọ ohun tí wákàtí méjì jẹ́.

Mo wà ní ibùdó kan lọ́jọ́ kan tí ọmọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì dé lórí ọ̀kadà, aṣọ rẹ̀ rẹ fún òjò. Ẹni tó ń gba wàrà kọ́kọ́ ju òṣùwọ̀n onígíláàsì kan sínú rẹ̀, ó léfòó dé ibi tó yẹ. Kò sí omi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu wàrà díẹ̀ sínú ife tínrín, ó bu ọtí líle tó tó o sí i, ó mì ín. Ẹyọ funfun wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ife. Ó ti ń kan. Wọn ò gbà á. Ọmọ náà ń búra pé òun kò bu omi sí i, òótọ́ ló sì ń sọ. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn omi kàn án. Mo gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, mo na ìka sínú ọrùn rẹ̀. Wàrà àná, wàrà ìjẹta, gbogbo wọn ló lẹ̀ mọ́ ibi tí kànrìnkàn ò lè dé. Kẹ́ẹ̀gì epo ni tẹ́lẹ̀. Korobá irin tó lẹ́nu gbòòrò ìbá ti gbà á là, ó sì ní ọ̀kan nílé. Ìyá rẹ̀ ń fi ṣe àpótí aṣọ.

Ìyá yẹn ni mo lọ bá. Kò bínú. Ohun tó bi mí léèrè ni pé, "Ọ̀gá àgíríkì, wàrà tó ń lọ sí ibùdó yẹn, ta ló ń gba owó rẹ̀?" Mo ní ọmọ rẹ ni, baba rẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Korobá irin jẹ́ ti wàrà tí owó rẹ̀ ò kàn án. Kí ló dé tí kò ní kó aṣọ sí i?

Àwọn olùwádìí ti kọ ohun kan náà nípa ìlú púpọ̀: bí wàrà bá ti di ọjà ilé iṣẹ́, owó rẹ̀ a máa sún láti ọwọ́ obìnrin bọ́ sí ti ọkùnrin. Lára àwọn ètò tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn. Sahel Consulting, ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan, nínú ètò tí ilé iṣẹ́ ìṣàánú Gates náwó sí, fi ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sí àárín iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu ẹni tó ń ka èyí ní Ìgàngán tàbí níbòmíràn ní Ìbàràpá: màlúù tó jẹ oko mi tán ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, n ò ní fi wàrà bò ó mọ́lẹ̀. Òfin tó ka fífi ẹran jẹ̀ kiri léèwọ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 2019. Ẹni tí yóò pa á mọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gé koríko pamọ́, nítorí màlúù tí a so mọ́lẹ̀ kò ní jẹ ìwé òfin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tí mo ṣe ògbufọ̀ fún. Èyí àkọ́kọ́, n ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n fi sí, ní gbọ̀ngàn ìlú, lọ́jọ́ ọjà. Ogójì ọkùnrin wá. Wọ́n fún wọn ní fìlà, búrẹ́dì àti tíì oní-mílíìkì, àti aṣọ funfun tí wọ́n yóò máa fi sẹ́ wàrà. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí a ṣe ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ọmú màlúù, bí a ṣe ń da wàrà tó kọ́kọ́ jáde nù, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ. Àwọn baba ń mi orí. Wọ́n ya fọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo yà ní gáà mẹ́ta. Kò sí obìnrin kan tó gbọ́ pé ohun kan ń jẹ́ sísẹ́. Aṣọ funfun náà sì wà lórí àwọn baba, wọ́n ti fi wé láwàní.

Èkejì kò ní gbọ̀ngàn. Abẹ́ igi mọ́ńgòrò ní gáà ni, lẹ́yìn ìrun alásárì, obìnrin mọ́kànlá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Mo ní kí olúkúlùkù mú agolo rẹ̀ wá. Mo gbé ìgò lítà kan kalẹ̀, a sì ń bu omi sí i: agolo Peak kékeré mẹ́fà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò rí i pé iye tí ibùdó ń san lórí lítà kan, owó agolo mẹ́fà ni. Ọ̀kan nínú wọn bu èédú, ó ń fa ilà sára ògiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ṣe ìṣirò tí kò sí nínú ìwé tí mo mú wá: nígbà òjò, tí wàrà ti pọ̀ jù tí wàrà dídì sì ti pọ̀ lọ́jà, kí wọ́n máa gbé ìyókù lọ sí ibùdó, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí wàrà dídì gbówó lórí, kí wọ́n dá a dúró sílé, kí wọ́n sè é. Mo ní kí wọ́n forúkọ ara wọn sílẹ̀ níbùdó, kì í ṣe ti ọkọ. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, mẹ́fà sì forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí koríko, pé kí wọ́n gé e ní Oṣù Kẹwàá kó tó gbó, kí wọ́n sá a, kí wọ́n kó o sábẹ́ òrùlé de ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n bi mí pé ta ni yóò gé e. Mo ní ẹ pe àwọn ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ màlúù dé nìyẹn, àwọn ọkùnrin sì dìde láti ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ wa bọ̀.

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ Wisconsin yẹn: ìgbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ dilẹ̀ ni wọ́n fi sí. Bó ṣe yẹ kó rí ní ẹ̀gbẹ́ tiwa náà nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń gbé ètò kalẹ̀, ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ará ìjọba, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi ìpàdé sí òwúrọ̀, ẹ má sì fi í sí ọjọ́ ọjà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni igbá wọn ń ṣófo.